Orin Alátùpà

Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù
8 Oṣù Kejì, 2015

Ìyá mi àtàtà,

Às-sàlámù alaikum. Mo kí yín kú ọyẹ́, mo kí yín kú orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu, mo sì kí yín kú ìnáwó Mọ́lídì tó kọjá. Ara mi le. Ti òtútù ibí, mi ò ní sọ ọ́, torí ẹ ti ní gbogbo ìwé mi ni òtútù máa ń bá wọlé.

Ẹ bínú sí mi lórí fóònù pé Velkar, ọkọ yín ará Íńdíà tó ń ṣe orin fíìmù, ti gbé àwo tuntun jáde, mi ò sì fi ránṣẹ́. Ẹ má bínú mọ́. Àwo mẹ́ta ló wà nínú páálí tí Alhaji Bashiru ń gbé bọ̀ wálé yìí. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, pé káàdì á tán kí a tó dé ibi tí fèrè ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọwọ́ Báyọ̀ ni mo ti rà wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta síídì ní ọjà Beresford Square. Bó ṣe rí mi ló bú sẹ́rìn-ín. "Auntie Muni, you're still buying CD? Everybody ti ń download o!" Mo ní kó kó tèmi fún mi, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Èmi àti ẹ̀yin ò lè ka èdè wọn, nítorí náà àwòrán iwájú páálí àwo kọ̀ọ̀kan ni mo fi sọ wọ́n lórúkọ, bí a ṣe máa ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Oníkẹ̀kẹ́, kí ojú tì yín fún ọkọ yín kíákíá, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Velkar ti dàgbà, ó wá ń bá àwọn ọmọdé sáré. Ìlù kọ̀ǹpútà kan náà ló ń lù láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gún èlùbọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ kun ohùn àwọn akọrin rẹ̀ títí mi ò fi mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin. Fèrè rẹ̀ tí gbogbo wa tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ńkọ́? Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì jáde bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.

Olójò sàn díẹ̀. Ẹ gbọ́ orin kejì, níbi tí gòjé ti ń rọra gòkè, tí obìnrin tó ń kọrin dákẹ́ dè é. Velkar tiwa nìyẹn, Velkar ayé sinimá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń gbádùn rẹ̀ lọ ni ọmọkùnrin kan á já wọlé, á máa rọ̀jò ọ̀rọ̀ wàràwàrà. Ta ló pè é?

Ó wá ku Alátùpà. Ìyá mi, ẹ jókòó kí ẹ tó fi í sínú ẹ̀rọ. Orin kẹta ni mo ń wí. Agogo kékeré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí agogo ọrùn ẹran ọ̀sìn tó ń bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́. Fèrè wọlé, kò kánjú. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan ṣoṣo, kò sí ẹ̀rọ kankan lára ohùn rẹ̀, ó ń gbé e sókè, ó ń gbà á sílẹ̀, bí ẹni ń pe ẹnì kan tí kò fẹ́ kí àwọn ará ilé tó kù gbọ́. Mi ò tíì wo fíìmù rẹ̀, mi ò sì ní wò ó títí màá fi gbọ́ orin náà yó. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin dénú kì í jẹ́ kí ojú ṣáájú etí. Kí ni mo tilẹ̀ fẹ́ fi fíìmù ṣe? Ẹ wo iwájú páálí: ilẹ̀ ti ṣú, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àtùpà dání. Nílé tiwa, kí ni obìnrin ń fi àtùpà ṣe lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, bí kò ṣe pé ọmọ rẹ̀ ò tíì wọlé? Orin ìyá tó ń retí ọmọ ni. Ọmọ náà ti rìn jìnnà. Mo ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń rìn yí adágún omi Birchmere ká, mo sì sunkún níwájú àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè ṣẹ̀dá irú ohùn yẹn àfi Velkar. Mo fi orí mi dúró fún un.

Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ dá mi lóhùn. Ọṣẹ àti ìpara orúnkún wà nísàlẹ̀ páálí.

Ọmọ yín,
Munirat


Òkè-Ààrẹ, Ìbàdàn
22 Oṣù Kẹta, 2015

Munirat, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wàláíkúmù sàlámù. Páálí dé, ọṣẹ dé, ìpara dé. O fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, o ò fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́. Ṣé o ti rù ni, àbí o ti sanra tí o ò fẹ́ kí n rí i?

Mo ti gbọ́ àwọn àwo náà. Oníkẹ̀kẹ́ ò dáa, mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n o ṣi Olójò dá lẹ́jọ́. Èmi fẹ́ràn ọmọkùnrin tó ń rọ̀jò ọ̀rọ̀ yẹn. Bí bàbá rẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí Ọlọ́run forí jì í, tí mo bá bi í níbi tó ti ń bọ̀.

Ti Alátùpà, mi ò rí wí. Mo gbọ́ orin kẹta yẹn, mo gbàgbé ẹ̀wà lórí iná. Àwọn obìnrin àsálátù wa wá sílé lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn àdúrà, mo tún fi í sí i fún wọn. O mọ̀ pé èmi ṣì ni ìyá olórin wọn. O sì mọ iṣẹ́ wa, pé láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni a ti ń mú ohùn fíìmù Íńdíà, tí a ń fi ọ̀rọ̀ yíyin Ànábì wa sí i, tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń kọ ọ́ níbi wòlímọ̀. Nígbà tí o ti ní orin ìyá ni, ọ̀rọ̀ Ámínátù, ìyá Ànábì, ni mo ti ń tò sí i. Mo ti to ẹsẹ kan ààbọ̀. Ara mi ń yá gágá bí ọmọdé.

Àmọ́ kí n tó gbé e jáde, mo bi ọ́: ṣé ó dá ọ lójú pé orin ìyá ni? Èmi kì í gbé ohùn tí mi ò mọ ìdílé rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Anisah, ọ̀kan nínú wa, dìde láàrin àwùjọ, ó kọ orin ìyìn kan, àṣé ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì ló mú. Mo dá a dúró lójú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Alhaja Anisah, ibi tí ẹ bá ti máa mú ohùn, ẹ kọ́kọ́ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wá síwájú Ọlọ́run." Ó jókòó, kò sì tíì kí mi dáadáa di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kò burú, ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ ọ.

Nítorí náà, ìwọ tó wà lókè òkun, tí o ń bá àwọn ará Íńdíà wọ bọ́ọ̀sì, bi wọ́n léèrè. Bí o bá ti bi wọ́n, kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ,
Idiat


Thamesmead
12 Oṣù Kẹrin, 2015

Ìyá mi,

Àlàáfíà ni o. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe kúrú. Mo dúpẹ́ pé Alátùpà wọ̀ yín lára. Èmi ò sọ fún yín?

Ẹ̀yin náà sì tún ń bi mí bóyá ó dá mi lójú. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn yín ní sinimá ni mo ti ń gbọ́ orin Velkar! Mo ti bi wọ́n. Orin ìyá ni. Ẹ kọ ọ́, kí Òkè-Ààrẹ mì tìtì.

Tó bá di ibi tí fèrè ti dáwọ́ dúró, ẹ má kánjú wọlé. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Munirat yín


Òkè-Ààrẹ, Ìbàdàn
7 Oṣù Kẹfà, 2015

Munirat ọmọ mi,

Mo kí ọ o, ìwọ tí ìwé rẹ ti wá kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Ṣé ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ò ní le jù fún ọ níbẹ̀? Mo gbọ́ pé oòrùn kì í wọ̀ bọ̀rọ̀ nílùú yín nírú àsìkò yìí.

Orin wa ti jáde. Ibi wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí Ámínátù ti ń ṣe ìdágbére fún ọmọ rẹ̀, Ààfáà àgbà yọ gíláàsì ojú, ó nu ojú rẹ̀. Àwọn àsálátù láti Ìwó Road ti wá kọ́ ọ, ti Ọ̀yọ́ náà ti ránṣẹ́. Ọmọ kékeré tó ń kiri omi lójúlé wa ń fi í pe ọjà. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní "Alhaja Alátùpà ń lọ." Ní ọjọ́ ogbó mi yìí, Munirat, ni mo wá gba orúkọ tuntun.

Gbogbo ibi tí mo bá ti kọ ọ́ ni mo ti ń sọ pé ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù ló rí i, òun ló wádìí rẹ̀. Tawfiq àbúrò rẹ ti bá àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Iléyá la ó gbà á sínú síídì, Ààfáà àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ṣe àdúrà sí i. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nípa ìtàn orin náà. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi: ta ni ìyá yẹn, níbo ni ọmọ rẹ̀ lọ, ṣé ó padà dé? Àwọn ará Íńdíà tí o bi á mọ̀ ọ́n.

Tètè kọ̀wé.

Idiat, ìyá rẹ


Thamesmead
26 Oṣù Keje, 2015

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o. Ẹ má bínú pé ìwé mi pẹ́. Inú mi dùn sí orúkọ tuntun yín.

Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbàsílẹ̀ yẹn sinmi ná. Ọ̀fun yín ń fẹ́ ìsinmi, orúnkún yín náà sì wà ńbẹ̀. Mo ti wá ń rò ó pé Olójò dára jù bí mo ṣe sọ lọ, ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ ò ṣe mú ohùn orin kejì ibẹ̀? Ti ìtàn Alátùpà, ó gùn, a ó máa sọ ọ́.

Mo fi fọ́tò mi ránṣẹ́ bí ẹ ṣe wí.

Munirat


Thamesmead
26 Oṣù Keje, 2015

Tawfiq àbúrò mi,

Báwo ni ìyàwó àti àwọn ọmọ? Ìwé yìí, ìwọ nìkan ni kó o kà á. Má jẹ́ kí màmá rí i.

Mo ti ba nǹkan jẹ́. Orin tí màmá ń kọ káàkiri yẹn, orin tí mo ní ti ìyá tó ń retí ọmọ ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ààwẹ̀ ni mo mọ̀. Mo ń nu tábìlì níbi iṣẹ́, mo ń fi imú kọ ọ́, àfi bí Sabitri ṣe dúró. Ará Nepal ni, ẹlẹ́sìn Híńdù bíi ti ọ̀pọ̀ ará Íńdíà, òun la jọ máa ń tún bẹ́ẹ̀dì àwọn arúgbó ṣe. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, ó bá mi kọ ọ́ dópin, tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní, "Muni, ta ló kọ́ ẹ ní orin ìsìn wa?" Ó ní nírọ̀lẹ́ ni ìyá àgbà òun máa ń kọ ọ́ níwájú òrìṣà wọn, kí wọ́n tó bí Velkar rárá. Ohùn àtijọ́ ni Velkar gbé, ó kàn fi fèrè sí i ni. Ó fi ibẹ̀ hàn mí nínú fíìmù lórí fóònù rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn ni obìnrin yẹn dúró sí. Agogo tí mo ní ti ẹran ọ̀sìn, agogo ilé ìsìn ni. Àtùpà náà, òrìṣà ló fẹ́ fi ta lọ́rẹ.

Ààwẹ̀ ń bẹ lẹ́nu mi nígbà yẹn, Tawfiq. Mo lọ dúró sí ilé ìwẹ̀ níbi iṣẹ́, mi ò lè jáde.

Mo sì ti kọ̀wé sí màmá pé mo bi wọ́n. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí láti bèèrè, torí mo ti máa ń fọ́nnu níbi iṣẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ orin Íńdíà tó mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá máa bi èèyàn pé kí lorin yìí ń sọ?

Ìwọ lo ń ṣètò ìgbàsílẹ̀ náà. Jọ̀ọ́, dà á rú. Sọ pé ẹ̀rọ wọn bàjẹ́, sọ ohun tó bá wù ọ́. Tó bá yá, wọ́n á gbàgbé orin náà, màmá á sì gbé òmíràn. Kò ní mọ̀ láéláé. Mo bẹ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Munirat


Ìbàdàn
23 Oṣù Kẹjọ, 2015

Sister Munirat,

Mo kí yín o, mà. Àwọn ọmọ ń kí yín, Ìyá Ìbejì náà ń kí yín.

Mo ka ìwé yín nínú mọ́tò, mo gbàgbé ibi tí mo ń lọ. Sister mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, àbúrò yín ni mí. Èmi kọ́ ni mo kọ̀wé sí màmá pé mo ti bi wọ́n. Ẹ ní kí n purọ́ pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Tí mo bá pa ti ẹ̀rọ, mo máa pa ti ọ̀gá ẹ̀rọ, mo tún máa pa ti iná mànàmáná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ò rí bí ojú màmá ṣe ń dán tí wọ́n bá ń kọrin yẹn. Èmi ni mò ń rí i lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹnu mi ló ti máa jáde, á dà bíi pé èmi ni mo gbá wọn létí.

Mo ti sún ìgbàsílẹ̀ náà síwájú díẹ̀, mo ní ọwọ́ àwọn tó máa gbà á sílẹ̀ dí. Ó tán nìyẹn. Ẹ pè wọ́n kí Iléyá tó dé. Màmá á bínú, wọ́n á pariwo, wọ́n á sọ pé ẹ ò jọ ìran wọn, ó máa tán. Ṣé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìbínú wọn ni?

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìta ni wọ́n ti gbọ́ ọ, mi ò mọ èyí tó máa tẹ̀ lé e.

Àbúrò yín,
Tawfiq


Òkè-Ààrẹ, Ìbàdàn
4 Oṣù Kẹwàá, 2015

Munirat,

Mo kí ọ.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, àwọn obìnrin àsálátù kún pálọ̀ mi. À ń jẹ ẹran, tẹlifíṣọ̀n ń sọ tiẹ̀ níkọ̀rọ̀, ìkànnì fíìmù Íńdíà ni àwọn ọmọ Tawfiq ń wò. Àfi bí mo ṣe gbọ́ agogo. Munirat, ayọ̀ ni mo fi dìde. Mo pariwo, "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, orin wa rèé!" Èmi ni mo pè wọ́n wò ó. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbè é, ọ̀rọ̀ Ámínátù lẹ́nu wa. Obìnrin alátùpà yẹn sì wọlé nínú fíìmù náà. Ère ló wà níbẹ̀, òdòdó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi àtùpà yí i po, àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀. Ẹnu wa ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dákẹ́ kẹ́yìn, èmi ni, torí mo di ojú mi.

Ṣé o mọ ẹni tó dìde pa tẹlifíṣọ̀n? Anisah ni. Kò wo ojú mi. Ó ní kí ìyàwó Tawfiq bu ẹran sí i fún mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo wá wo Tawfiq, ó ń wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ mi mọ̀. Nígbà tí ilé dá, mo pè é, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa rìn láàrin ọjà bí ẹni tí ìró rẹ̀ ti tú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó lẹ́yìn.

Mi ò bínú pé o ṣì í gbọ́. Ta ni kì í ṣì í? Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì gbà pé orin ìyá ni. Ṣùgbọ́n mo ní kí o bi wọ́n, o ní o ti bi wọ́n. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tìrẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kí ọdún yí po. Lẹ́yìn tí o sì mọ̀ tán, o kọ̀wé sí mi pé ọ̀fun mi ń fẹ́ ìsinmi. Ọ̀fun mi, Munirat!

Kò sí ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Má pè mí lórí fóònù báyìí.

Idiat


Thamesmead
18 Oṣù Kẹwàá, 2015

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú bírò. Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín.

Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí lọ́dọ̀ yín, lọ́dọ̀ Tawfiq, lọ́dọ̀ Alhaja Anisah tí mi ò tíì rí rí. Ó ń tì mí lọ́dọ̀ Sabitri náà, torí ó ń bi mí ìdí tí mi ò fi kọrin níbi iṣẹ́ mọ́, ó rò pé òun ló ṣẹ̀ mí. Mo pè yín lọ́jọ́ Iléyá láti sọ ọ́. Ẹ gbé fóònù, ẹ̀rín ló wà lẹ́nu yín, ẹ ń pe orúkọ mi fún àwọn èèyàn pé "Lọ́ńdọ̀nù rèé o!" Mo kí yín kú ọdún, mo sì gbé e sílẹ̀. Ọ̀lẹ ni mí.

Ẹ wò ó, mo pe ara mi ní ẹni tó mọ orin Velkar. Àwo mẹ́ta ni mo yẹ̀ wò fún yín. Mo bú èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, mo sì gbé orí mi dúró fún ohùn kan ṣoṣo tí kì í ṣe òun ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Mo ní etí ló tó mi, mi ò fẹ́ ojú. Ká ní mo wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kan péré ni, gbogbo èyí ì bá má ṣẹlẹ̀. Ìgbéraga ni mo fi gbọ́ orin, orí yín ló sì fọ́ lé.

Mo kọ ìwé kejì sínú àpòòwé yìí fún àwọn obìnrin àsálátù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Tawfiq kà á sókè lọ́jọ́ Sunday, kí gbogbo wọn gbọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ bi mí, pé mo purọ́ fún yín, pé mo mọ̀ nínú ààwẹ̀ tí mo sì panu mọ́. Orúkọ mi ni kó bàjẹ́ ní Òkè-Ààrẹ, kì í ṣe tiyín. Mo ti kó gbogbo àwo Velkar fún Báyọ̀ padà, kò tilẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Ẹ dárí jì mí.

Munirat


Òkè-Ààrẹ, Ìbàdàn
22 Oṣù Kọkànlá, 2015

Munirat, Àbẹ̀kẹ́,

Às-sàlámù alaikum. Ara mi ti balẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Mi ò jẹ́ kí wọ́n ka ìwé rẹ. Mo ya á. O rò pé màá jókòó láàrin àwùjọ kí wọ́n máa ka ẹ̀sùn ọmọ mi sí mi létí? Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Èmi fúnra mi ni mo dìde lọ́jọ́ Sunday. Mo ní èmi ni mo gbé orin tí mi ò mọ ìdílé rẹ̀, pé àdúrà ẹlòmíràn ni mo gbé wọ̀ láìtọrọ. Mo bẹ Anisah lójú gbogbo wọn, mo sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí n má fi ipò sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Ààfáà àgbà ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tí kò mọ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí, ojú ló ń tì mí. Ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá àgbà tí wọ́n máa ń sùn. Ohùn yẹn ṣì máa ń wá sí mi lẹ́nu tí mo bá ń gbálẹ̀. Màá dákẹ́. Á tún wá.

Nǹkan kan wá wà tí mi ò yé rò láti ìgbà yẹn. Tawfiq ti wo fíìmù náà dópin. Ó ní obìnrin yẹn kò bímọ, kò sì retí ẹnikẹ́ni. Velkar ò sọ̀rọ̀ ìyá. Àwọn tó ni orin náà látijọ́ ò sọ̀rọ̀ ìyá tó ń retí ọmọ. Ibo lo wá ti rí i? Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ náà ti rìn jìnnà, tí o fi ń dá nìkan sunkún létí omi?

Láti ìgbà tí o ti lọ ni o ti ń kọ̀wé orin sí mi. Mo mọ ibi tí gòjé ti ń wọlé, mo mọ akọrin tí ẹ̀rọ bà lóhùn jẹ́. Mi ò mọ ẹni tí ẹ jọ ń jẹun. Mi ò mọ̀ bóyá o máa ń sùn dáadáa. Èmi náà ò bèèrè, torí orin náà dùn mọ́ mi, mo rò pé a ti ń sọ̀rọ̀.

Mo ti dárí jì ọ́. Má fi síídì kankan ránṣẹ́ mọ́. Bí àárò mi bá ń sọ ọ́, Munirat, sọ fún mi pé àárò mi ń sọ ọ́. Má gbé e fún ará Íńdíà kó bá ọ kọ ọ́ lórin.

Èmi ni,
Ìyá rẹ